Ọ̀níní Alákàbà

Gbogbo ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí ni mo mọ orúkọ rẹ̀: orúkọ àbísọ, oríkì, títí kan ìnagijẹ tí wọ́n fi ń bú u. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni mo máa ń dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, alààyè àti òkú, kí n má bàa gbàgbé ẹnì kan. Ṣùgbọ́n n kò ní kọ wọ́n sílẹ̀. Òkú kò lè fún mi láṣẹ, alààyè kò sì tíì fún mi. Ìwé mẹ́rin ni mo kà kí wọ́n tó ní kí n wá máa bá ìyá mi kiri ọjà. Bí ẹ bá kan ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti wọ́, ẹ ṣe sùúrù fún mi, arúgbó tó ń ṣọ̀fọ̀ ni mo jẹ́.

Ọkọ mi ni mo ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ohun tí mo sì fẹ́ sọ nípa rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ ọ̀níní kan lọ.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí a máa sọ pé nǹkan kò tó ọ̀níní, bẹ́ẹ̀ wọn kò fojú rí ọ̀níní rí. Òun ló kéré jù nínú owó ayé òyìnbó. Mẹ́wàá rẹ̀ ló ń jẹ́ kọ́bọ̀ kan. Ó funfun, ó fẹ́lẹ́, ihò wà láàárín rẹ̀ tí wọ́n fi ń sín in sókùn, ìràwọ̀ onígun mẹ́fà sì yí ihò náà ká. Ìyá ọkọ mi ní ẹyọ kan tí kì í ná. Bàbá tó bí i ló fi fún un, ó ní ọdún tí wọ́n bí i ló wà lára rẹ̀. Lẹ́tà kékeré kan tún wà níbẹ̀, igi méjì lóròó, ọ̀kan níbùú láàárín wọn. Ìyá náà kò mọ̀wé, àkàbà ló ń pè é. Bí ara ọkọ mi kò bá yá ní kékeré, ìyá rẹ̀ a gbé ọ̀níní náà fún un, pé kó máa fi ìka tọ àkàbà gòkè títí oorun yóò fi gbé e lọ.

Ọmọdé ni ọkọ mi nígbà tí ìyá náà kú. Àwọn àgbà ilé pín ẹrù rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ọ̀níní náà wọlẹ̀ sí. Ta ni yóò máa wá ọ̀níní nílé òkú?

Nígbà tí agbára ṣì wà, bàtà la ń rà ní Deira, àdúgbò ọjà kan ní Dubai, bàtà obìnrin àti sálúbàtà ọmọdé, tí a ń kó ránṣẹ́ sí Èkó. Al Muteena, nínú Deira kan náà, la ń gbé, nínú yàrá tí a fi kọ́tìnì pín pẹ̀lú àwọn ará ilé wa mìíràn. Ọkọ mi ló ń ná ọjà, èmi ni mo ń dúró ti àwọn tó ń dì í. Lọ́jọ́ kan, níbi tó ti ń dúró de àwọn tó ń kó ẹrù lọ sọ́kọ̀ ojú omi, oòrùn mú un, ó sì yà sínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan kí atẹ́gùn tútù lè fẹ́ sí i. Ìgbà tí yóò fi padà dé ọ̀dọ̀ mi, ó ń sáré, ẹni tí kì í sáré.

"Ìyá wọn! Ìyá wọn, fi bàtà yẹn sílẹ̀. Ọ̀níní wà ní Dubai!"

"Ẹ lọ mu omi," mo ní. "Oòrùn ti wọ̀ yín lágbárí."

"Mo ní ọ̀níní! Ọ̀níní oníràwọ̀. Ó wà nínú páálí lẹ́nu ọ̀nà, òun àti owó gbogbo ayé, bí ẹni da ẹ̀gúsí sílẹ̀."

"Kí ni ọ̀níní wá ṣe ní Dubai?"

"Bóyá bàtà ló wá rà bíi tiwa."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀. Ará Íńdíà ló ni ṣọ́ọ̀bù náà, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ń fi làálì kun irùngbọ̀n, ọjọ́ orí rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa. Owó àtijọ́ ló ń tà, Olówó la sì ń pè é. Èyí tó níyì lójú rẹ̀ wà nínú dígí. Èyí tí kò já mọ́ nǹkan kan lójú rẹ̀ wà nínú páálí nílẹ̀, iye kan náà ni gbogbo wọn. Àpótí ọ̀pọ̀ ni èmi àti ọkọ mi ń pe páálí yẹn. Ọkùnrin náà mọ owó ìlú tirẹ̀ bí ẹni mọ ọmọ. Bí ìràwọ̀ tín-ń-tín bá wà lábẹ́ ọdún, tàbí àmì kékeré kan ṣoṣo bí ẹ̀kán omi, ó mọ ìlú tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, irú rẹ̀ kò sì ní bọ́ sínú páálí láé. Ṣùgbọ́n ọ̀níní wa, kọ́bọ̀ wa, tọ́rọ́ wa, Áfíríkà ló ń pe gbogbo wọn, ó sì ń rọ́ wọn dà síbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọkọ mi ti rí ààyè.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Owó méjì lè jọra bí ìbejì, ọdún kan náà, ìràwọ̀ kan náà, kí lẹ́tà kékeré wà lára ọ̀kan kí ó má sí lára ìkejì. Lẹ́tà yẹn nìkan lè sọ ọ́ di ohun tí àwọn tó ń ṣa owó ń wá kiri ayé. Orí fóònù ni ọkọ mi ti kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, ó sì sọ wọ́n lórúkọ fúnra rẹ̀. Èyí tó ní àkàbà ni alákàbà. Èyí tó ní lẹ́tà méjì ni oníbejì. Èyí tí kò ní nǹkan kan ni òfìfo. Àwọn ọdún kan wà tí alákàbà pọ̀ bí èèrà. Ní ti ọdún ìyá rẹ̀, òfìfo kún inú páálí, alákàbà ni ojú kì í rí. A ṣa páálí yẹn láti ìgbà tí irun wa ti dúdú títí ó fi funfun.

Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é ní òfin. Olówó yẹn kò gbọ́ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ọjà la fi ń bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ohùn, kò sí oníṣòwò tí kò gbọ́ ohùn. Bí inú rẹ bá dùn lórí páálí rẹ̀, yóò mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Nítorí náà ni ọkọ mi ṣe sọ pé ẹni tó bá rí ohun tó dára, kó bú ẹnì kejì. Kó bú u dáadáa.

"Ẹ wo ojú yín bí ojú àgbò tí wọn ò rà lọ́jà iléyá," èmi á wí. "Oníbejì ló wà lọ́wọ́ mi yìí."

"Ìwọ tí ọbẹ̀ rẹ ò níyọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti gbé ọ," òun á dáhùn, "fi í sábẹ́ àwọn yòókù, má jẹ́ kó tàn yanran."

Olówó a máa mi orí. "Mama, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jà ní ṣọ́ọ̀bù mi." Ó tiẹ̀ ra tíì fún wa lọ́jọ́ kan kó fi lè parí ìjà wa. Ọkọ mi mu ún tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọjà lé e lórí.

Bí a ṣe ń ná ọjà náà ńkọ́? Wọ́n ti kọ iye ọjà sára páálí. Iyẹn kò kan ọkọ mi.

"Fixed price, Bàbá. Ó wà lára páálí."

"Mo rí i. Ta ló kọ ọ́?"

"Èmi ni mo kọ ọ́."

"Ṣé ẹni tó kọ nǹkan ò lè pa á rẹ́ ni?"

Wọn á fà á títí, olówó á rẹ́rìn-ín, á gé e kù díẹ̀. Ọkọ mi á wá béèrè èènì. Ó ti kọ́ ọkùnrin náà ní ọ̀rọ̀ yìí, ó ní nílé tiwa, ẹni tó tajà tí kò fi èènì sí i, ẹsẹ̀ oníbàárà kì í tún tọ̀nà ibẹ̀. Olówó á ju ẹyọ kan sí i, á ní, "Èènì. Khalas, ó parí. Ẹ máa lọ." Wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Mo rò pé ọ̀sẹ̀ tí a kò bá dé ibẹ̀ kì í dùn mọ́ ọn.

Nígbà tí àwọn ọmọ ní kí a sinmi òwò, ọmọ mi obìnrin kó wa lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ní Al Khan, ní Sharjah, ìlú tó múlé gbe Dubai, nínú ilé gíga kan tó kọjú sómi. A kò tìtorí ìyẹn dẹ́kun páálí. Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, a ó wọ bọ́ọ̀sì láti Sharjah lọ sí Deira. Ṣùgbọ́n àìsàn ṣúgà ti wọ ọkọ mi lára. Ojú ló kọ́kọ́ mú. Dókítà ṣe títí, ó ní èyí tó ti lọ ti lọ. Ó wá di pé èmi ni mo ń kàwé fún un. Òun á máa ṣà á, á máa gbé e fún mi, èmi á sì máa sọ ohun tí mo rí.

Lẹ́yìn ojú, ó kan ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kú, kò mọ ìrora mọ́. Lọ́jọ́ kan ó fi bàtà rìn láti ilé dé ibùdókọ̀, kò mọ̀ pé òkúta wà nínú rẹ̀ tó ti gé e lẹ́sẹ̀. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti rí ẹ̀jẹ̀ náà. Mo ń fi ìborùn mi nù ún, ó ní:

"Ó ń gòkè bọ̀ nìyẹn. Ọwọ́ ló kù."

"Ọlọ́run ò ní jẹ́."

"Ọlọ́run ti jẹ́ kó dé ẹsẹ̀. Gbọ́, Ìyá wọn. Mi ò wá a torí pé kí n tà á. Kí ọwọ́ yìí tó kú, mo fẹ́ fi ìka mi tọ àkàbà yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, kí n mọ̀ pé òun ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ páálí ti kúrò ní eré lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ tí a rí i, olówó ṣẹ̀ṣẹ̀ da àpò tuntun kan síbẹ̀. A jókòó lórí àga kékeré méjì tó máa ń gbé fún wa. Ọkọ mi ń yára ṣà á, ó ń gbé e fún mi láìtilẹ̀ fọwọ́ wò ó, èmi ń sọ pé òfìfo, òfìfo, ti Gánà nìyí, òfìfo. Ó kan ọ̀kan. Mo yí i sí ìmọ́lẹ̀. Mo ka ọdún rẹ̀. Mo tún un kà, n kò gbẹ́kẹ̀ lé ìwé mẹ́rin mi. Àkàbà náà wà níbẹ̀ ketekete.

Mo gbé ohùn sókè bí òfin ti wí. "Ẹ̀yin ọkùnrin yìí! Ọ̀dájú! Ẹ ti fi ayé mi ṣòfò! Ti ìyá yín ló wà lọ́wọ́ mi yìí, ọdún rẹ̀ pé, àkàbà rẹ̀ pé. Ó yá, ẹ bú mi padà!"

Kò bú mi. 

"Ẹ bú mi o," mo ní. "Ó ń wò wá."

Ó na ọwọ́ sí mi. Mo mọ̀ pé bí mo bá gbé e fún un níbẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ni yóò sọ̀rọ̀. "Ẹ jẹ́ ká jáde ná," mo ní. Mo rọra tì í sáàárín àwọn òfìfo kan nínú àwo, mo gbé àwo náà fún olówó. Ó kà á, ó pe iye rẹ̀. Mo wá dúró kí ọkọ mi bẹ̀rẹ̀. Mo ń dúró kó ní, ta ló kọ ọ́?

Ọkọ mi na owó sí i. Iye tí wọ́n pè gan-an ni.



"Bàbá," olówó ní, "last price ńkọ́?"

"Kò burú. Ẹ gbà á."

"Èènì ńkọ́?"

"Ẹ fi í sílẹ̀. Yalla, a ń lọ."

Ọkùnrin náà kò gba owó. Ó wo ọkọ mi lójú, ojú tí kò ríran mọ́. Ó wo èmi náà. Lẹ́yìn náà ló fa àwo padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. "Bàbá, láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ yín, ẹ ò san iye tí mo pè rí. Ṣé ara yín ò yá ni? Àbí nǹkan wà nínú àwo yìí?"

Ó mú awò rẹ̀ tó ń mú nǹkan tóbi. Ó ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tó kan tiwa, ó gbé e sílẹ̀, ó tún un gbé. Ó lọ gbé ìwé ńlá kan tí wọ́n kọ iye tí owó àtijọ́ tó sí wá, ó ṣí i síbi tí n kò rí i kó ṣí sí rí, níbi tí owó wa wà. Kò yára.  Ó ṣí dígí, ó gbé ọ̀níní náà sínú rẹ̀.

"Èyí kì í ṣe ti páálí, Bàbá. Ẹ má bínú."

"Ẹ ti pe owó," ọkọ mi ní. "Mo sì ti na owó."

"Ọwọ́ mi ò tíì kan owó náà."

Òótọ́ ló sọ. Nílé tiwa náà, bí ọwọ́ kò bá tíì gba owó, ọjà kò tíì di títà. Ọkọ mi mọ òfin yẹn ju ẹnikẹ́ni lọ, ó ti fi gba ọjà padà lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn rí. Ó dìde, ó ní kí n mú òun lọ́wọ́.

Nínú bọ́ọ̀sì ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pẹ́ títí kò fi jọ ẹ̀rín mọ́.

"Gbogbo ayé mi ni mo fi ná ọjà," ó ní. "Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo panu mọ́."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ nǹkan kan? Kí ẹ ṣáà ní ó wọ́n."

"Mo rò pé bí mo bá lanu, ẹkún ló máa jáde."

Mo ní kí a padà lọ́sẹ̀ kejì lọ rà á nínú dígí, kí a fara mọ́ iye tó bá pè. Ó kọ̀. Ó ní ọjà tí èèyàn bá ti fẹ́ sunkún lé lórí, kò lè ná an mọ́, olówó á kàn máa wo ojú rẹ̀ á máa fowó lé e. Kò tún bá mi lọ sí Deira mọ́. Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ náà kò tún lè dun ẹnikẹ́ni mọ́.

Nígbà tí ooru padà dé, àìsàn náà dé ọwọ́. Bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fi mọ̀, ó ń wá a kiri àyà, ó wà lábẹ́ ìka rẹ̀. Ife tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó rò pé òun ṣì gbé e dání. Ó ti wá di ẹni orí ibùsùn. Ọmọ mi obìnrin á gbé àga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kó lè gbọ́ ohùn omi, yóò jókòó díẹ̀, yóò ní kí a gbé òun padà.

N kò bi í kí n tó lọ. Mo kó ìwé onípọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń to owó rẹ̀ sí sínú báàgì, mo dá wọ bọ́ọ̀sì.

Olówó rí mi, ó wo ẹ̀yìn mi. "Bàbá ńkọ́?"

"Bàbá ò lè dìde."

Ó gbé àga fún mi.  Mo na ọwọ́ sí dígí. "Mo fẹ́ gba èyí. Owó kọ́ ni mo mú wá. Pàṣípààrọ̀ ni." Mo gbé ìwé náà síwájú rẹ̀.

Ó ṣí i. Ó ṣí ojú ewé kejì. Ó gbé awò rẹ̀. Oníbejì ń bẹ níbẹ̀, alákàbà ọdún mìíràn ń bẹ níbẹ̀, kọ́bọ̀, tọ́rọ́, gbogbo ohun tí a fi èébú kó jáde.

"Mama, níbo lẹ ti rí gbogbo èyí?"

"Nínú páálí yín."

"Páálí mi?"

"Páálí yín tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn."

"Nígbà tí ẹ ń jà?"

"A ò jà rí," mo ní. "Ọjọ́ tí ẹ bá gbọ́ ìjà wa ni a rí nǹkan gidi nínú páálí."

Ó wò mí. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú, ó ń nu omijé. "Mo ra tíì fún yín!" ó ní. "Mo ra tíì fún àwọn olè méjì!"

Lẹ́yìn ẹ̀rín, òwò dé. Gbogbo ìwé náà ló fẹ́ gbà. Mo ní ojú ewé kan nínú rẹ̀ ni n ó yọ fún un. Ó ní ká má ṣeré. Mo ní kí ni wọ́n ń pè ní eré, ṣé ọ̀níní kan ló tó gbogbo ìwé? Ó ní ìwé ńlá òun ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kí ó lọ fi ìwé ńlá rẹ̀ se ọbẹ̀. Ẹnu mi kò dúró, mo rí i pé ẹnu ọkọ mi ni mo ń lò. Ó dé ibi kan tí ọkùnrin náà kò sún mọ́. Mo kó ìwé mi, mo dìde, mo kọrí sẹ́nu ọ̀nà. Bí àwa ṣe ń ṣe é nìyẹn: ẹ ó rọra máa lọ, ẹ kò ní wẹ̀yìn, ẹni tó nílò yín á pè yín. Bí kò bá pè yín, ọjà ti bọ́ nìyẹn. Mo gbé ẹsẹ̀ kan jáde sínú oòrùn. Kò pè mí. Mo rò ó pé kí n yí padà, kí n kó gbogbo rẹ̀ fún un, kí n sì dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin.

"Mama," ó ní. "Ìdajì."

Ìdajì la ṣe. Nígbà tí ó ń yọ wọ́n, ó dá ẹyọ kan padà sínú pọ́kẹ́ẹ̀tì ìwé mi, ó ní, "Èènì Bàbá."  Mo kàn ń mi orí.

Ọkọ mi ò sùn nígbà tí mo dé. Mo jókòó tì í, mo la ọwọ́ rẹ̀, mo fi í síbẹ̀.

"Kí nìyí? Bọ́tìnì?"

"Ọ̀níní ni."

"Ọ̀níní wo?"

"Alákàbà. Ọdún ìyá yín. Mo gbà á."

 Ó fi àtàǹpàkò wá a, ó kọjá lórí rẹ̀, ó padà. Ó fi ọwọ́ òsì náà dán an wò. Mo ń mú ìka rẹ̀, mo ń gbé e sórí lẹ́tà náà gan-an. Ìka náà dà bí ìka igi lọ́wọ́ mi.

"Ọwọ́ mi ò mọ nǹkan kan," ó ní. "Ó ń dán bí ojú dígí. Ṣé kì í ṣe òfìfo lo gbé wá, kí inú mi lè dùn?"

"Mo ti tàn yín rí?"

"O sọ pé iyọ̀ wà nínú ọbẹ̀."

"Iyọ̀ wà níbẹ̀, ẹnu yín ni kò dára."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi ti dé ojú rẹ̀. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn, pé ohun tí mo gbé wá ti pẹ́ jù. Ó ṣì di ọ̀níní náà mú. Ó gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, nítorí pé ọwọ́ náà kò mọ ọ̀nà mọ́, ó kan àgbọ̀n rẹ̀, ó kan ètè, ó sì fi í sẹ́nu.

Ọmọ mi obìnrin fi abọ́ sílẹ̀. "Bàbá! Ẹ tu ú! Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ mọ ọwọ́ tó ti mú owó yẹn? Màámi, ẹ gbà á lẹ́nu wọn!"

Ó gbé ọwọ́ sókè sí i pé kó dákẹ́. Ó di ojú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń mì, ahọ́n rẹ̀ ń rìn nínú, ó dúró, ó tún rìn. Ọmọ mi ń wò mí, mo ń wò ó. Ara rẹ̀ gbogbo ti kú tán, n kò ronú kan ahọ́n.

"Igi kan," ó ní, ọ̀rọ̀ náà ń wúwo lẹ́nu rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀. "Igi kejì." Omijé ń ṣàn dé etí rẹ̀. "Èyí tó dábùú ń bẹ. Ìyá wọn, ó ń bẹ."

"Mo sọ fún yín."

"Ó dà bí ìṣó lẹ́nu mi."

Ó fi í sẹ́nu títí mo fi ń bẹ̀ ẹ́ kó má gbé e mì. Nígbà tí ó tu ú sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni bí mo ṣe ná an. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, ẹ̀rín olówó, ìdajì ìwé, ẹsẹ̀ tí mo gbé síta.

"Ẹsẹ̀ kan lo gbé jáde kó tó pè ọ́?"

"Ẹsẹ̀ kan."

"Ẹsẹ̀ méjì ló yẹ kó o gbé. Ojú ewé kan péré ni ò bá gbà lọ́wọ́ rẹ."

"Ẹ̀yin tí ẹ san iye tí wọ́n pè, ẹ tún lẹ́nu ọ̀rọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín sùn. Kò pẹ́ sí i, ọ̀sẹ̀ náà kò jálẹ̀, tí Ọlọ́run fi gbà á. Òwúrọ̀ ni. Àwọn ọkùnrin ló gbé e lọ sí itẹ́ òkú àwọn mùsùlùmí ní Sharjah. Èmi wà nílé, mo ń wo omi. Wọ́n fi aṣọ funfun wé e, kò sí àpò lára aṣọ náà, kò mú nǹkan kan dání. Mo mọ orúkọ gbogbo àwọn tó gbé e, mo ń dárúkọ àwọn náà láàárọ̀.

Ìgbà tí ọmọ mi ń tún yàrá wa ṣe, ó rí ọ̀níní náà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Ojú owó náà ti ṣú níbi tí itọ́ gbẹ sí. Ó ní kí òun fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí àwọn fi í sínú fírémù lára ògiri, kí gbogbo àlejò lè máa rí i. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìfẹ́, n kò bá a jà. Mo na ọwọ́, mo gbà á. Itọ́ bàbá rẹ̀ ló wà lára rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.